Àwòrán tẹlifíṣọ̀n mi ń já l'Àjàṣẹ́: díṣì ni, àbí wáyà?

ỌmọOuando

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìhà Ouando ni mò ń gbé níbí l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin). Díṣì mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ara ògiri lókè ni wọ́n kàn án mọ́, wáyà rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni àwòrán ti ń gé wẹ́wẹ́. Nígbà mìíràn ohùn nìkan ló máa ń kù, nígbà mìíràn gbogbo ojú ẹ̀ á dúdú, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí àmì. Àwọn ìkànnì kan tilẹ̀ wà tí wọn ò yọjú mọ́ rárá, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o.

Ẹni tó wá bá mi wò ó kò gun òkè. Ó dúró nísàlẹ̀, ó wòkè lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n lọ ra díṣì ńlá. Aládùúgbò mi ní irọ́ ni, pé ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára àmì ni kí n rà. Kí n tó náwó, mo ní kí n bi yín. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ibi tí wọ́n kọ «Puissance» (agbára àmì) sí wà ní 85, ibi tí wọ́n kọ «Qualité» (bí àmì ṣe dára tó) sí ń lọ sókè sódò láàárín 20 sí 40.

Ìyá_Adjarra

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ra ẹ̀rọ yẹn, kò wọ́n. Àwa náà lò ó fún antẹ́nà tí a fi ń wo àwọn ìkànnì Èkó láyé ọjọ́un, ó sì ṣe dáadáa.

AtúnDíṣì_Kétu

Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ti antẹ́nà yẹn yàtọ̀. Òpó orí ilẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí i, láti Èkó sí ọ̀dọ̀ yín kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ti díṣì yìí, sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi 35,786 kìlómítà lókè orí ìlà agbedeméjì ayé ló ń ránṣẹ́. Ohun tó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa kéré gan-an. Ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára á gbé àmì ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n á gbé ariwo tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tó dà pọ̀ mọ́ àmì, ga pẹ̀lú. Ẹni tó bu omi sí ọbẹ̀ tó jóná, ọbẹ̀ á pọ̀ sí i, kò ní dùn sí i. Ibi tí ẹ̀rọ yẹn ti wúlò ni ibi tí àmì bá ti dára lórí òrùlé, tó wá jẹ́ pé gígùn wáyà ló ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìwọ ỌmọOuando, gbàgbé 85 yẹn. «Puissance» kò sọ ju pé nǹkan kan ń gba inú wáyà bọ̀ lọ. Ariwo tí LNB fúnra rẹ̀ (orí kékeré tó wà níwájú àwo díṣì, tó ń gba àmì) ń pa wà nínú nǹkan yẹn. Bí o bá yí díṣì sí ibi tí kò sí sátẹ́láìtì kankan, nọ́ńbà yẹn lè má sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀. «Qualité» ni kí o máa wò, òun ló ń sọ iye tí dẹ́kódà rí kà nínú ohun tó dé. 20 sí 40 túmọ̀ sí pé etí bèbè lo wà. Ìkúùkù kan bá kọjá, ó parí.

Dá mi lóhùn ná: sátẹ́láìtì wo lò ń wò? Àwọn ìkànnì tí kò yọjú, ṣé àwọn kan náà ni lójoojúmọ́? Wáyà rẹ gùn tó báwo? Irin tó gbé díṣì dúró ńkọ́, ṣé ó dúró ṣánṣán?

Dúdú_Kpèvi

Èmi ò mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe wàhálà. Kí ó fa wáyà láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tó ń rí i dáadáa, kí wọ́n jọ máa wò ó lórí káàdì kan.

AtúnDíṣì_Kétu

Dúdú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni, kò sì sí níbí.

ỌmọOuando

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Canal+ ni. Àwọn ìkànnì kan náà ni wọn kì í yọjú, ojoojúmọ́. Wáyà á tó mítà 40, torí yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni mo wà, wọ́n sì so méjì pọ̀ láàárín, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Irin yẹn tẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ló rọ̀ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń já máńgòrò.

AtúnDíṣì_Kétu

Ọ̀rọ̀ rẹ ti ń yé mi. N ó kọ ọ́ gùn, ẹ fara dà á fún mi, torí kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń ṣe.

Canal+ ń ti orí Eutelsat 16A wá, ní 16° ìlà-oòrùn. Àwọn tó ń wo DStv, 36° ìlà-oòrùn ni tiwọn. Bí a bá ṣírò 16° yẹn láti Àjàṣẹ́, ó bọ́ sí 115° lójú kọ́ńpáàsì, ó sì ga tó 72° àti ààbọ̀ lójú ọ̀run. Láti Kétu níbí, 118° àti 72°. Láti Sábẹ, 120° àti 71° àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé kí o kọjú sí ìlà-oòrùn, kí o yí ara díẹ̀ sápá ọ̀tún, sí ìhà gúúsù, kí o wá gbé orí sókè títí ọrùn á fi fẹ́ máa dùn ọ́. Ibẹ̀ ló wà.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà 72 yẹn dẹ́rù bà yín bí ẹ bá wo díṣì tí kò jọ pé ó wòkè tó bẹ́ẹ̀. Àwọn díṣì ilé wọ̀nyí, tí apá LNB wọn ti ìsàlẹ̀ yọ, àmì ń ti òkè bà wọ́n, ó sì ń ta padà sísàlẹ̀ sójú LNB. Ojú àwo wọn máa ń rẹlẹ̀ ju ibi tí wọ́n ń wò gan-an lọ, ní nǹkan bíi 25°, bí ẹni tó ṣe é bá ṣe ṣe é. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára irin ìdè lẹ́yìn àwo ti ka ìyẹn mọ́ ọn. Fi í sí 72 kí o tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn irin ìdè kan wà tí wọn kò lè dé ibẹ̀, àwọn atúnṣe kan á sì máa tẹ òpó kí àwo lè wòkè sí i. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà ara irin kò wúlò mọ́.

Èyí tó wá ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára ni ti LNB. Ìgbì tí sátẹ́láìtì ń rán, òmíràn dúró lóòró, òmíràn dùbúlẹ̀ níbùú, LNB sì gbọ́dọ̀ yí kí ó lè bá wọn dọ́gba. Àwọn fídíò tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù, Faransé ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn. Paris àti Àjàṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti àríwá sí gúúsù, 2.35° àti 2.6° ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Paris, 162° ni yóò ti wá sátẹ́láìtì 16° yìí, kò ní ga ju 32° lọ, yóò sì yí LNB rẹ̀ ní nǹkan bíi 12° péré. Tiwa níbí, LNB gbọ́dọ̀ yí tó 64° l'Àjàṣẹ́, 61° ní Kétu, 59° ní Sábẹ. Ìyẹn ju ìdajì ọ̀nà lọ láti òòró sí ìbú! Orí ìlà agbedeméjì ayé ni gbogbo sátẹ́láìtì wọ̀nyí tò sí. Bí ilé yín bá ṣe sún mọ́ ìlà yẹn tó, tí sátẹ́láìtì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òòró àti ìbú tó fi ń ránṣẹ́ á ṣe dagun sí yín tó. Ẹni tó fi LNB sílẹ̀ bí ó ṣe bá a nínú páálí, kò sí díṣì ńlá tó lè gbà á.

Apá ibo ni kí o yí i sí? Dúró lẹ́yìn díṣì, kọjú síbi tí òun náà kọjú sí, yí LNB sí òdì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí o bá dúró níwájú tí ò ń wo inú àwo, a jẹ́ pé bí ọwọ́ aago ṣe ń yí gan-an ni. Àwọn LNB kan ní nọ́ńbà lára. Èyí tí kò bá ní, tú ìdè rẹ̀ díẹ̀, máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan wà nínú ilé tó ń pe «Qualité» fún ọ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n irin tó tẹ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Gba ìwọ̀n àwọn bíríkìlà, tàbí kí o so òkúta mọ́ okùn, wò ó láti ìhà méjì. Bí òpó kò bá dúró ṣánṣán, bí o ṣe ń yí díṣì sọ́tùn-ún sósì ni gíga rẹ̀ náà ń yí pa dà, o ò ní mọ èyí tí ò ń tún ṣe mọ́.

Bí o bá wá ń yí i, ní sùúrù. Díṣì 60 ń wo nǹkan bíi 3° péré lójú ọ̀run. Lára òpó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, 1° kò tó ìdajì mìlímítà. Tí o bá tú bóòtù, tí o fi ọwọ́ gbá a wẹ́rẹ́, o ti kọjá ibẹ̀. Yí i díẹ̀, dúró, ka ení dé àrún, kí dẹ́kódà rí àyè kà. Ọ̀pọ̀ ń kọjá lórí sátẹ́láìtì láìmọ̀ torí pé wọ́n ń yára.

Èyí tó kù, ti àwọn ìkànnì tó sọnù, n ó kọ ọ́ lálẹ́. Oníbàárà ń pè mí.

Ọmọ_Òkè_Sábẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Mo ń gbé ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè níbí ní Sábẹ, gbogbo ènìyàn ní òkè ló dí mi lójú, pé kí n gbé díṣì lọ sórí ilé ẹ̀gbọ́n mi lápá kejì ìlú. Wáyà wo ló máa gùn tó yẹn?

Tíṣà_Pobè

Ọmọ Òkè, má gbé e lọ síbì kan. Ìṣirò ni ká fi wò ó. Nǹkan tó wà ní 71° àti ààbọ̀ ga ní ìlọ́po mẹ́ta jíjìnnà rẹ̀. Tí òkè bá jìnnà sí díṣì rẹ ní mítà 100, ó gbọ́dọ̀ ga ju díṣì lọ ní mítà 300 kí ó tó lè dí ọ lójú, àfi tí ilé rẹ bá fara ti àpáta gan-an. Kì í ṣe òkè. Lọ wo igi tó wà nítòsí. Igi máńgòrò tó wà ní mítà 2 sí díṣì, tó sì ga jù ú lọ ní mítà 6 tàbí 7, lè dí i, pàápàá nígbà tí ewé rẹ̀ bá tutù.

Àwọn tó ń wo 36° ni òkè lè kàn. Láti Sábẹ, tiwọn wà ní nǹkan bíi 102°, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlà-oòrùn gan-an, kò sì ga ju 50° lọ. Níbẹ̀, ohun tó ga ní ìlọ́po kan àti díẹ̀ jíjìnnà rẹ̀ ti tó láti dí wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú bóyá nǹkan kan dí díṣì lójú, oòrùn á sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àárín oṣù kẹta àti ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ díẹ̀ wà tí oòrùn máa ń gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì kọjá. Fún 16° láti ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn máa ń bọ́ sí kété kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Bí oòrùn bá tàn sójú àwo díṣì láìsí òjìji ewé tàbí ògiri lórí rẹ̀ ní àkókò yẹn, ojú ọ̀nà mọ́. Àwọn ọjọ́ yẹn kan náà, àwòrán lè gé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀sán, torí ariwo oòrùn bo àmì mọ́lẹ̀. Ẹ má pe atúnṣe. Á kọjá fúnra rẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Sábẹ

Igi tíìkì kan wà lẹ́yìn ògiri wa lóòótọ́, ọdún tó kọjá kò ga báyìí. Màá bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí a gé ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ ṣé, tíṣà.

Ìyá_Adjarra

Èyí tí èmi mọ̀ dájú nìyí, ẹ̀yin ọkọ mi. Ọ̀rinrin ọ̀sà wà níbí, gbogbo irin ló ń dípẹtà. Nígbà tí tiwa bàjẹ́, ọmọ mi tú ẹnu wáyà lẹ́yìn LNB, omi ló dà jáde, bàbà inú rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ewé. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n fi ẹnu tuntun sí i, ó sì dá. Téèpù dúdú tí wọ́n fi ń ṣe iná kò tó. Oòrùn á gbẹ ẹ́, á máa ṣí. Èyí tó ń fà bíi rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí omi lè máa ṣàn kọjá.

Kí ẹ tún jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọ inú ilé, kí omi tó ń bá a bọ̀ kán sílẹ̀ síta. Tiwa tẹ́lẹ̀, omi ń tẹ̀ lé wáyà wọlé tààrà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ wo ojú LNB náà. Agbọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ láti kọ́lé. Ẹ bá mi bẹ àwọn tí ń sá aṣọ sórí òrùlé pẹ̀lú. Mo ti rí ilé tí wọ́n sá aṣọ òkè tútù sí iwájú díṣì gan-an, tí ọkọ wọn ń bú ẹni tó bá wọn gbé e.

AtúnDíṣì_Kétu

Ìyá, ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Omi inú aṣọ dí àmì ju aṣọ lọ.

Mo ti dé. Ti àwọn ìkànnì tó sọnù: dẹ́kódà ló ń fi iná kékeré gba inú wáyà ránṣẹ́ sí LNB. Bí ó bá rán fóòtì 13, ó ń sọ pé kí LNB gba òòró. Bí ó bá rán fóòtì 18, ó ń sọ pé kí ó gba ìbú. Ó tún ń fi ohùn kan sí i, 22 kHz, tó bá fẹ́ kí LNB bọ́ sí apá òkè àwọn ìgbì náà. Wáyà tó gùn ní mítà 40, tó tín-ín-rín, tí ìsopọ̀ rẹ̀ láàárín sì ti dípẹtà, á máa jẹ iná yẹn lójú ọ̀nà. Fóòtì 18 á kúrò lẹ́yìn dẹ́kódà, á dé orí òrùlé ní bíi 14, LNB ò ní mọ èyí tí wọ́n ní kí ó ṣe. Gbogbo ìkànnì tó wà ní ìbú á lọ, èyí tó wà ní òòró á máa ṣiṣẹ́, ìwọ á sì rò pé àwọn tó ni ìkànnì ló gé e fún ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ bóyá àwọn kan náà ni lójoojúmọ́. Èyí tí òjò ń fà kì í yan ìkànnì báyẹn.

Gé ìsopọ̀ àárín yẹn dànù. Ra wáyà kan ṣoṣo, RG-6, 75 ohm, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí o bá lè gba ojú ọ̀nà tó kúrú, gbà á. Mítà 25 sàn ju 40 lọ. Mú máágínẹ́ẹ̀tì kékeré lọ sọ́jà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá àárín wáyà, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó lè gbé àwòrán, ṣùgbọ́n kò gbé iná LNB dáadáa bí ó bá gùn. Bàbà gan-an kì í lẹ̀.

Kí o tó tú ẹnu wáyà kankan, yọ iná dẹ́kódà. Mo ti rí dẹ́kódà tó jóná nítorí pé okùn irin tínńtín kan kan ọ̀pá àárín nígbà tí wọ́n ń dì í. Má gun páànù tó tutù. Má fi àkàsọ̀ alumíníọ̀mù súnmọ́ wáyà iná ojú pópó, mi ò fẹ́ gbọ́ ìròyìn burúkú. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀dọ́_Djassin

Bàbá, kọ́ńpáàsì fóònù mi ń sọ nǹkan mìíràn ní gbogbo ìgbà tí mo bá sún mọ́ díṣì. Ó ní 140, ó ní 80.

AtúnDíṣì_Kétu

Páànù àti òpó irin ló ń dà á láàmú. Sọ̀ kalẹ̀ sí ìta gbangba, jìnnà sí ọkọ̀ àti irin, wá 115 níbẹ̀, kí o wá wo nǹkan tó wà ní ìhà yẹn lókèèrè, igi àgbọn tàbí òpó mọ́ṣáláṣí. Padà sókè, kọ díṣì sí nǹkan yẹn.

Awakọ̀_Sákété

Ẹni tó ní kí ó ra díṣì ńlá ńkọ́? Ṣé irọ́ ni gbogbo rẹ̀? Èmi ra 90, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú mọ́.

Tíṣà_Pobè

Kì í ṣe irọ́. Àwo sẹ̀ǹtímítà 90 fẹ̀ ju ti 60 lọ ní ìlọ́po 2.25, ohun tó ń kó jọ sì pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dẹ́síbẹ̀lì 3 àti ààbọ̀, òjò kékeré ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n 90 kì í wo ju nǹkan bíi 2° lọ lójú ọ̀run, nítorí náà títọ́ rẹ̀ le ju ti 60 lọ. Ó sì wúwo, atẹ́gùn ń gbá a. Tí wọ́n bá gbé 90 sórí òpó tó tẹ̀ yẹn, pẹ̀lú LNB tí wọn ò yí, á burú ju ti ìsinsìnyí lọ. Kí ó tún ohun tó wà nílẹ̀ ṣe ná. Bí «Qualité» rẹ̀ bá tó 70 tí òjò ṣì ń gé e, kí ó wá rà á.

Òjò ńlá pàápàá, kò sí díṣì ilé tí kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìgbì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wa wà láàárín 10.7 sí 12.75 GHz, ẹ̀kán omi sì máa ń mu ún. Ẹ ti kíyè sí i pé àwọn ìjì ńlá wa níbí máa ń ti ìlà-oòrùn bọ̀. Àwọn tó ń wo 36°, ọ̀nà àmì wọn dagun lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà àwòrán wọn lè lọ kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bà lé páànù. Ti 16° kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ti òkè wá tààrà. Ìyàwó mi máa ń fi ti 36° mọ ìgbà tó yẹ kí òun kó aṣọ.

ỌmọOuando

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. A ti tún òpó ṣe, wẹ́lídà ló bá mi nà án padà. LNB mi wà ní ṣánṣán, kò dagun rárá. Bí mo ṣe ń yí i báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pariwo nọ́ńbà láti inú ilé: 38, 45, 57. Nígbà tí a wá fi wáyà tuntun sí i, ó dúró sí 74, gbogbo ìkànnì tó sọnù sì padà. Ẹ ṣé gan-an ni. Òjò rọ̀ lánàá, kò gé.

Ó ku nǹkan kan. Láti bí aago méje alẹ́ sí mẹ́wàá, dẹ́kódà máa ń pa ara rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀. Kì í ṣe àwòrán ló ń gé o, òun fúnra rẹ̀ ló ń kú.

AtúnDíṣì_Kétu

Ìyẹn kì í ṣe ti díṣì. Ní àkókò yẹn, gbogbo ilé ló tan iná, iná sì ń lọ sílẹ̀. Wo gílóòbù rẹ, bóyá ó máa ń pọ́n ní àkókò kan náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wá ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé. Bí gílóòbù kò bá yí pa dà, yá àpótí iná kékeré tí wọ́n ń ki bọ ògiri lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní irú dẹ́kódà yẹn, kí fóòtì àti áńpẹ́à tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bára mu o, fi dán an wò lálẹ́ kan. Àwọn àpótí yẹn máa ń rẹ̀. Wọ́n á ṣe dáadáa lọ́sàn-án tí iná bá ga, tó bá di alẹ́ wọn ò ní lè gbé e mọ́.

Awakọ̀_Sákété

Bàbá, kí ẹ tó lọ, mo fẹ́ máa wo 16° àti 36°. Ṣé mo lè fi LNB méjì sórí díṣì kan, bí mo ṣe rí i lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan?

AtúnDíṣì_Kétu

Ti ọ̀rẹ́ rẹ, ó ní láti jẹ́ pé àwọn sátẹ́láìtì tó súnmọ́ra ni. Láàárín 16 sí 36, 20° ni. LNB kejì á jìnnà sí àárín díṣì kékeré jù, ohun tó máa rí kó jọ kò ní tó. Díṣì méjì ni kí o lò, ọ̀kan sí 115° ní gíga 72°, ìkejì sí 100° ní gíga 50°, bí Sákété kò ṣe fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Àjàṣẹ́, nọ́ńbà yẹn á bá ọ mu. Dẹ́kódà méjì lo máa lò lọ́nàkọnà, nítorí náà jẹ́ kí wáyà kálukú wọn dá wà. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo: kí ọ̀kan má ṣe dí èkejì lójú. Èyí tó kọjú sí 36° ni kó wà níwájú, ní ìhà ìlà-oòrùn òrùlé, torí òun ló wo ilẹ̀ jù.